Aláwàdà Kì í Ṣe Òmùgọ̀: Baba Sàlá àti Iṣẹ́ Tó Ṣe fún Wa

Láyé ìgbà tí ẹgbẹ́ eléré ń ti ìlú dé ìlú, gbohùngbohùn orí mọ́tò ló máa ń ṣáájú wọn wọlé. Wọ́n á kéde orúkọ eré, wọ́n á dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ tàbí gbọ̀ngàn tí wọ́n ti máa ṣe é, àwọn ọmọdé á sì máa sáré tẹ̀lé mọ́tò.

Nínú gbogbo ẹni tó ń bọ́ sórí ìtàgé, aláwàdà ni iṣẹ́ rẹ̀ le jù. Ẹni tó ṣe ọba lè gbójú lé adé, ẹni tó ṣe babaláwo lè gbójú lé ọfọ̀. Aláwàdà kò ní ju ara rẹ̀ lọ. Òun ló máa gba àbùkù ìlú sọ́rùn, kí onílé àti àlejò lè fi rẹ́rìn-ín láìsí ẹni tí ojú tì.

Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ nílẹ̀ wa. Ní oṣù kejì ọdún 1826, Aláàfin pe àwọn eléégún aláré jáde ní Ọ̀yọ́ Ilé kí wọ́n ṣeré fún àlejò rẹ̀, Hugh Clapperton, ará Scotland. Ọ̀kan nínú ìran tí wọ́n ṣe ni ti òyìnbó: wọ́n sín ìrìn àti ìṣe rẹ̀ jẹ lójú rẹ̀, inú àwọn èrò sì dùn dọ́ba. Clapperton fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ìwé ìrìnàjò rẹ̀. Lókè òkun náà, ní ayé vaudeville, ìyẹn eré ìdárayá orí ìtàgé, aláwàdà adúláwọ̀ kan tó ń jẹ́ Bert Williams di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Amẹ́ríkà, eré rẹ̀ tó ń jẹ́ In Dahomey sì dé Broadway ní 1903. Síbẹ̀, bó ti jẹ́ adúláwọ̀ tó, ó ṣì ní láti kun ojú ní dúdú kí àwọn aláwọ̀ funfun tó gbà á sórí ìtàgé. Ibi gbogbo ni aláwàdà ti ń fi iyì ara rẹ̀ ra ẹ̀rín.

Láàárín àwa Yorùbá, Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, Baba Sàlá, ni iṣẹ́ náà bá lára mu jù. Ọjọ́ 18 oṣù karùn-ún ọdún 1936 ni wọ́n bí i. Ọmọ Iléṣà ni. Ó ti ṣiṣẹ́ wolé-wolé rí, kó tó kó ẹgbẹ́ olórin háílàìfù jọ. Inú ẹgbẹ́ olórin náà ni Sunny Adé, olórin jùjú, ti kọ́ṣẹ́, kó tó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Nígbà tí Ọláìyá rí i pé ẹ̀fẹ̀ tó ń ṣe láàárín orin ló ń mú àwọn èèyàn jókòó, ó gbájú mọ́ àwàdà, tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn sì gbé e dé ilé onílé.

Ẹ wo bó ṣe ń múra: férémù awò ojú ńlá tí kò ní gíláàsì, táì ọrùn tó fẹ̀ gbàràmù, aago ńlá tó so kọ́ra. Bó bá ti yọjú, kò tíì sọ̀rọ̀, ẹ̀rín ti ta. Ahun àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára owó àti obìnrin ló sábà máa ń ṣe. Kò sí ìlú tí kò ní irú bàbá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò pè é sójúde kó bá a wí? Baba Sàlá bá wa wí i.

Ẹgbẹ́ Aláwàdà rẹ̀ tún jẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love, ọmọ Àgbàmú ní ìpínlẹ̀ Kwara, wà lára àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ kó tó dá dúró. Ní 1985, ọmọ iṣẹ́ àná ló darí ọ̀gá rẹ̀ nínú fíìmù Moṣebọ́látán.

Owó ìwọlé ló ń bọ́ gbogbo wọn. Ibẹ̀ ni ọfà ti ba Baba Sàlá. Ní 1982, ó gbé Ọ̀run Móoru jáde, Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Ìtàn oníṣòwò tí oníjìbìtì lù ní gbájúẹ̀ títí ó fi tòṣì ni. Kò pẹ́ tí fíìmù náà jáde tí àwọn oníṣẹ́ ayédèrú fi dà á kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, tí wọ́n ń tà á káàkiri. Ẹni tó yáwó ṣe iṣẹ́ kò rí owó dá padà, gbèsè sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ó tún ṣe fíìmù mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọgbẹ́ náà kò jinná bọ̀rọ̀. Ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 2018 ló kú, ní ẹni ọdún 82.

Olè ni ẹni tó da fíìmù kọ, ṣùgbọ́n àwa tí a ra kásẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ rẹ̀ náà mọ ohun tí a ń ṣe. A rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, a sì jẹ́ kí gbèsè ṣẹ́kù sọ́rùn ẹni tó pa wá lẹ́rìn-ín. Lónìí, àwọn ọmọ wa ń ṣe àwàdà lórí fóònù, àwọn kan sì ń jí i gbé kí wọ́n lè fi pawó lórúkọ ara wọn. Bí a bá fẹ́ kí ìlú máa ní ẹni tí yóò máa fi ẹ̀rín bá a wí, ká wo iṣẹ́ wọn lójú òpó tiwọn gan-an, ká san owó tó bá yẹ ní sísan, ká sì kọ ayédèrú. Owó iṣẹ́ wọn ni, kì í ṣe ọrẹ.