Bí Ọkọ̀ Bá Ń Gbóná

 Awakọ̀ kan gbéra láti Láfẹ́nwá lẹ́bàá odò Ògùn, ó ń gòkè lọ sí Sápọ́n. Kí ó tó débẹ̀, ọkọ̀ rẹ̀ ti gbóná. Ó bu omi sí i, ó ń lọ. Lọ́jọ́ kejì, omi tún ti gbẹ. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèkánná. Ẹni tí ó ń bu omi láìwádìí ibi tí omi ń gbà lọ kò tíì tún ọkọ̀ ṣe.

Kí ni iṣẹ́ omi náà? Pọ́ọ̀ǹpù a máa ta á yí ẹ́ńjìnnì ká. Omi a gba ooru, a sì gbé e lọ sí rédíétọ̀ kí atẹ́gùn lè gbà á lọ. Ọkọ̀ Volkswagen àtijọ́ tí a ń pè ní Ìjàpá kò tilẹ̀ lo omi. Atẹ́gùn ni ó ń tu ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lára.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé: nígbà wo ni ó ń gbóná? Bí ó bá jẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ṣàngó Ọ̀tà, tí ó sì ń rọlẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, atẹ́gùn ni kò tó: ẹ yẹ fáànù wò. Bí ó bá jẹ́ lórí òkè tàbí lórí eré, ẹ fura sí rédíétọ̀ tí ìpẹtà ti dí, tàbí pọ́ọ̀ǹpù tí kò lágbára mọ́. Bí omi bá ń dín kù láìkán sílẹ̀, tí èéfín funfun kò dáwọ́ dúró, tí ọ́ìlì sì funfun bí ògì, gásíkẹ́ẹ̀tì orí ẹ́ńjìnnì ni ó ti bàjẹ́. Ẹ má ṣe wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àwọn mẹkáníìkì kan a máa yọ tẹmosítáàtì sọnù, wọ́n a ní ilẹ̀ wa gbóná. Àṣìṣe ni. Bí ilẹ̀kùn ni ó rí: púpọ̀ nínú wọn a máa ṣí ní nǹkan bí 82 sí 90 lórí ìwọ̀n Celsius. Láìsí i, ẹ́ńjìnnì kì í tètè móoru, a sì máa jẹ epo ní àjẹjù. Ẹ gbé e sínú ìkòkò omi lórí iná. Bí omi bá hó tí kò sì ṣí, ẹ fi tuntun rọ́pò rẹ̀.

Ìkìlọ̀ wa tí ó ṣe pàtàkì jùlọ nìyí. Nínú rédíétọ̀ tí a dé pa, omi lè gbóná kọjá 100 láìhó. Ẹni tí ó bá ṣí ìdérí rẹ̀ nígbà náà, omi yóò hó lójijì, yóò sì bó o lójú àti lọ́wọ́. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ dúró títí yóò fi tutù pátápátá.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa béèrè ìdí kí wọ́n tó bu omi. Ó dìgbà kan ná.