Afọ́jú afunfèrè, adití onílù: bí orin ìbílẹ̀ Skọ́tlándì ṣe ń gba gbogbo èèyàn

Ní Skọ́tlándì, tó wà ní apá àríwá erékùṣù Bìrìtéènì, òde kan wà tí wọ́n ń pè ní kéèlì. Láyé àtijọ́, kéèlì kò ju pé kí aládùúgbò bẹ ara wọn wò lálẹ́, kí wọ́n pàtàn, kí wọ́n kọrin. Lóde òní, ijó ló pọ̀ jù níbẹ̀. Gbọ̀ngàn abúlé ni wọ́n sábà máa ń lò. Ẹnì kan á dúró níwájú, á máa pe ìgbésẹ̀ ijó fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, àwọn olórin á sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọn kì í lé èèyàn pé kò mọ ijó jó. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè di ọwọ́ ìyá àgbà tí kò mọ̀ rí mú, kí wọ́n jọ máa yí po.

Gòjé tiwọn ní okùn mẹ́rin, èjìká ni wọ́n ń gbé e lé. Àkọ́díọ̀nì wà níbẹ̀, fèrè tẹ́ẹ́rẹ́ wà, ìlù pẹlẹbẹ aláwọ ewúrẹ́ wà, háàpù náà wà, irú dùùrù olókùn tí Dáfídì inú Bíbélì ta. Èyí tí gbogbo ayé fi mọ̀ wọ́n jù ni fèrè alápò. Afunfèrè á fẹ́ atẹ́gùn sínú àpò awọ, á fi apá fún un mọ́ ìhà, ìka á sì máa dí ihò fèrè kan, á máa ṣí i. Fèrè gígùn mẹ́ta mìíràn wà tó nà kọjá èjìká, àwọn yẹn kì í yí ohùn padà. Ohùn kan náà ni wọ́n ń dún láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orin á sì máa rìn lórí rẹ̀. Ẹ fi ohùn tí kì í yí padà yẹn sọ́kàn, màá padà sórí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ibí ni ti àwọn tí ojú wọn kò ríran, tí etí wọn kò gbọ́ràn, tàbí tí ọwọ́ wọn kò ṣe é gbé dáadáa. Ṣé wọ́n lè jókòó láàárín àwọn olórin yìí, kí wọ́n má sì di ohun ìwòran? Ní Skọ́tlándì, ó ti tó nǹkan bí 300 ọdún tí ìbéèrè yìí ti ní ìdáhùn.

Ní nǹkan bí ọdún 1656 ni wọ́n bí Iain Dall MacAoidh, ẹni Gairloch ní etíkun ìwọ̀ oòrùn. Dall, ní èdè Gáẹ́líìkì tiwọn, afọ́jú ni. Wọn kò bí i bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ọmọ nǹkan bí ọdún méje ni nígbà tí ìgbóná, àrùn tí àwọn àgbà wa kì í fẹ́ pe orúkọ rẹ̀, fọ́ ọ lójú. Afunfèrè ni bàbá rẹ̀. Wọ́n rán ọmọ náà lọ sí erékùṣù Skye, sọ́dọ̀ ìdílé MacCrimmon, tó jẹ́ pé ohun tí ìdílé àyàn jẹ́ sí ìlù lọ́dọ̀ wa ni àwọn náà jẹ́ sí fèrè alápò. Pàdraig Òg ni ọ̀gá tó kọ́ ọ.

Báwo ni afọ́jú ṣe kọ́ orin tó gùn, tó sì lọ́jú pọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹnu ni wọ́n fi kọ́ ọ. Àwọn ọ̀gá yẹn ní àwọn ìró ẹnu tí wọ́n ń pè ní canntaireachd. Ìró kan dúró fún ohùn kan, òmíràn dúró fún bí ìka ṣe máa ta. Ọ̀gá á kọ ọ́, ọmọ iṣẹ́ á gbà á lẹ́nu rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìka á wá tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ti gbọ́ bí bàbá onílù ṣe ń fi ẹnu pe ìlù fún ọmọ rẹ̀ ti mọ ohun tí mò ń sọ. Nínú irú ẹ̀kọ́ yẹn, iṣẹ́ ojú kò pọ̀.

Ó mọ̀ ọ́n débi pé àwọn akẹ́gbẹ́ rẹ̀ ń jowú. Ìtàn tí wọ́n ń pa níbẹ̀ ni pé wọ́n tì í sílẹ̀ láti orí òkè àpáta, ó sì fi ẹsẹ̀ balẹ̀ láìfarapa. Leum an Doill, ìyẹn Ibi Tí Afọ́jú Ti Fò, ni wọ́n ń pe ibẹ̀. Nígbà tó yá, ó padà sílé, ó di afunfèrè àwọn Mackenzie, olórí Gairloch, ó ṣẹ̀dá orin, ó sì kéwì. Ó dàgbà, ó darúgbó, nǹkan bí ọdún 1754 ló tó kú. Àwọn afunfèrè ṣì ń fun orin rẹ̀ dòní. Láyé tirẹ̀ náà ni Ruaidhri Dall, ọmọ erékùṣù Lewis tí ìgbóná gba ojú lọ́wọ́ tirẹ̀ náà, ń ta háàpù fún olóyè MacLeod ní Dunvegan.

Kí ló wá ti ilẹ̀kùn lẹ́yìn wọn? Lójú tèmi, ìwé ni. Nígbà tí orin wọ ilé ẹ̀kọ́, tí àwọn àmì dúdú kéékèèké lórí ìlà márùn-ún di ohun tí èèyàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kà, ẹni tí ojú rẹ̀ tàbí ọpọlọ rẹ̀ kò bá gba àmì yẹn dúró síta. N kò bú ìwé o. Òun ló tọ́jú ọ̀pọ̀ orin tí ì bá ti parun. Àmọ́ wọ́n sọ ọ́ di ẹnubodè.

Ọmọ àgbẹ̀ kan ní Aberdeenshire, Evelyn Glennie, tí wọ́n bí ní 1965, wà lára àwọn tó kan ilẹ̀kùn náà títí ó fi ṣí. Àkọ́díọ̀nì ni bàbá rẹ̀ ń ta nínú ẹgbẹ́ olórin ijó. Nígbà tí ọmọ náà fi pé ọdún 12, etí rẹ̀ ti di gan-an. Olùkọ́ rẹ̀ ní kó fi ọwọ́ lé ògiri bí òun ti ń lu ìlù, kó máa wò ó ibi tí ìró náà bá dé lára rẹ̀. Títí dòní, ó máa ń bọ́ bàtà kó tó lùlù, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè bá a gbọ́. Nígbà tó fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ orin ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n kọ́kọ́ kọ̀ ọ́ nítorí etí rẹ̀. Ó bi wọ́n léèrè pé ṣé bí òun ṣe lùlù ni wọ́n fi kọ òun ni. Wọ́n pè é padà, wọ́n tún gbọ́ ọ, wọ́n gbà á. Ní 2012, nígbà tí wọ́n ṣí ìdíje Òlíḿpíìkì ní Lọ́ńdọ̀nù, òun ló ṣíwájú ẹgbẹ̀rún onílù.

Ṣùgbọ́n èèyàn mélòó ló máa dà bí Evelyn? Ẹni tí ìka kan ṣoṣo ń ṣiṣẹ́ fún ńkọ́? Láti 1997 ni àjọ Drake Music Scotland ní ìlú Edinburgh ti ń bá àwọn akàndá ẹ̀dá ṣe orin. Ọ̀nà kan tí wọ́n ń lò ni Figurenotes, tó wá láti ilẹ̀ Fínlándì. Dípò àmì dúdú, ohùn kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀. Pupa ni dò. Bébà alálẹ̀mọ́ pupa wà lórí bọ́tìnnì dùùrù, pupa náà ló wà nínú ìwé orin. Ẹni tó bá ti lè fi àwọ̀ wé àwọ̀ ti lè bẹ̀rẹ̀. Bí àwòrán náà bá ṣe gùn tó nínú ìwé ni ohùn náà á ṣe pẹ́ tó.

Ẹ̀rọ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní Soundbeam. Ó ń ju ìró tí etí wa kò gbọ́ jáde, bíi ti àdán. Bí èèyàn bá gbé ọwọ́ tàbí orí níwájú rẹ̀, ó mọ bí ẹni náà ṣe jìnnà tó, á sì sọ ọ́ di ohùn orin. Ó dára púpọ̀, ṣùgbọ́n olówó ló ń rà á. Bébà aláwọ̀, kò sí abúlé tí kò lè ṣe é.

Ohùn tí kì í yí padà yẹn ni mo padà sí báyìí. Nínú orin Skọ́tlándì, ẹnì kan gbọ́dọ̀ di ohùn ìsàlẹ̀ mú, ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ máa lu ẹsẹ̀ ijó láìyẹ̀. Ẹni tó lè tẹ bọ́tìnnì kan péré lè ṣe iṣẹ́ yẹn. Bó bá sì jáwọ́, gbogbo gbọ̀ngàn á mọ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ àwọn oníjó á dàrú. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ nìyẹn. Wọn kò wá àyè kan fún un nítorí àánú, àyè náà ti wà nínú orin kí ó tó dé. Bó bá lù ú kọjá, kí wọ́n sọ fún un bí wọ́n ṣe máa sọ fún ẹlẹ́lòmíràn. Àtẹ́wọ́ àánú ń ba onílù jẹ́.

Àwọn kan tó fi àwọ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á yọ àwọ̀ kúrò, á ku àmì dúdú nìkan, wọ́n á sì máa kà á bí àwọn yòókù. Àwọn mìíràn kò ní kúrò nínú àwọ̀ láéláé. Ìyẹn náà kò ní kí wọ́n má tẹ bọ́tìnnì pupa wọn lálẹ́ òde kéèlì, nígbà tí ìlà oníjó méjì bá dojú kọra, tí gòjé sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.