LÍLO Ẹ̀RỌ BÁKÓÒDÙ NÍ ILÉ ÀYẸ̀WÒ Ẹ̀JẸ̀

Nínú agboolé, bí adìẹ ilé kan bá jọ ti ilé kejì, àkísà ni a máa ń so mọ́ tiwa lápá kí ó má baà di ìjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí ní ilé àyẹ̀wò. Ẹ̀jẹ̀ ọba pupa, ti mẹ̀kúnnù náà pupa. Bí a bá rọ wọ́n sínú ìgò kékeré méjì, ojú lásán kò lè mọ ìyàtọ̀. Bí a bá wá pe ti ẹnì kan ní ti ẹlòmíràn, ẹni tí ara rẹ̀ dá lè máa lo oògùn lásán, kí aláìsàn sì máa rò pé ara òun le. Nítorí èyí ni a ṣe ń lo bákóòdù.

Bákóòdù ni àwọn ìlà dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́ àti fífẹ̀, tí o máa ń rí lára páálí bísíkíìtì. Àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Norman Joseph Woodland àti Bernard Silver, ni wọ́n gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1952. Nígbà tí ẹ̀rọ bá tan ìmọ́lẹ̀ sí i, ìlà dúdú yóò gbé ìmọ́lẹ̀ náà mì, àlàfo funfun yóò sì dá a padà. Báyìí ni ẹ̀rọ ṣe ń mọ nọ́ńbà tí ó wà níbẹ̀. Nọ́ńbà yìí ni kọ̀ǹpútà fi ń wá orúkọ aláìsàn, ọjọ́ tí a gba ẹ̀jẹ̀ àti irú àyẹ̀wò tí a fẹ́ ṣe.

Jẹ́ kí a tẹ̀lé ìgò ẹ̀jẹ̀ kan. Lákọ̀ọ́kọ́, nọ́ọ̀sì yóò béèrè orúkọ aláìsàn, yóò sì lẹ bákóòdù mọ́ ìgò náà kí ó tó kúrò níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí, òṣìṣẹ́ yóò fi ẹ̀rọ ka ìgò náà, yóò sì ka àmì ara àpótí tí ó fẹ́ tò ó sí. Bí ó bá tún ń mú un jáde, yóò kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, UK Biobank gba ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ lọ́wọ́ nǹkan bí 500,000 ènìyàn láàárín 2006 sí 2010. Wọ́n kó èyí tí ó pọ̀ jù pamọ́ sínú òtútù tó lọ sí ìwọ̀n 80 nísàlẹ̀ òdo. Nínú òtútù bẹ́ẹ̀, gọ́ọ̀mù lásán a máa ṣí. Nítorí náà, àlẹ̀mọ́ tí ó lè fara da òtútù ni a ń lò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ ohun tí a kò fi hàn án. Bí òṣìṣẹ́ bá ṣí ìgò nípò láìkà á, ìgò náà sọnù nìyẹn. Bí ó bá sì fi ìkánjú lẹ nọ́ńbà Àjàyí mọ́ ẹ̀jẹ̀ Àjàkẹ́, ẹ̀rọ yóò ka irọ́ náà bí òótọ́. Nítorí náà, bí iṣẹ́ yìí bá di tìrẹ lọ́jọ́ iwájú, béèrè orúkọ kí o tó lẹ àmì. Àkísà kì í so ara rẹ̀ mọ́ adìẹ. Ọwọ́ ènìyàn ní í so ó.