Fìtílà Ọkọ̀ Ojú Omi àti Ipò Tí Ó Yẹ Kí Ó Wà

Ẹni tí ń rìn lórí ilẹ̀ ní ọ̀nà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà tí ojú rí lórí òkun tàbí lórí ọ̀sà. Nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, fìtílà ni ó ń sọ fún atukọ̀ pé ọkọ̀ mìíràn ń bẹ nítòsí, àti ibi tí ọkọ̀ náà dorí kọ. Nítorí náà, òfin kò fi mọ sí pé kí ọkọ̀ ní ìmọ́lẹ̀ nìkan. Ó sọ àwọ̀ rẹ̀, ó sì sọ ibi tí a gbọ́dọ̀ gbé e sí.

Ní ọdún 1848 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàṣẹ fún àwọn ọkọ̀ wọn tí ooru omi híhó ń mú rìn pé kí wọn máa tan iná funfun lókè òpó, iná pupa lápá òsì, àti iná aláwọ̀ ewé lápá ọ̀tún. Ìlànà yìí náà ni ó wà nínú òfin tí àwọn orílẹ̀-èdè fohùn ṣọ̀kan lé lórí ní ọdún 1972, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1977, tí a sì ń lò títí di òní. Òsì àti ọ̀tún tí a wí yìí ni ti ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ tí ó kọjú sí orí ọkọ̀. Iná funfun mìíràn tún wà ní ìdí ọkọ̀, tí ó kọjú sẹ́yìn.

Bí a bá pín àyíká ọkọ̀ sí ọ̀nà 360, iná pupa gba 112 àti ààbọ̀, iná aláwọ̀ ewé gba iye kan náà, iná ìdí ọkọ̀ sì gba 135. Bí a bá ro wọ́n pọ̀, 360 pé géérégé. Kò sí ibi tí ènìyàn lè gbà wo ọkọ̀ náà tí kò ní rí ọ̀kan nínú wọn.

Báyìí ni a ṣe ń ka iná wọ̀nyí. Bí ẹ bá rí pupa àti ewé pọ̀, ọkọ̀ náà kọjú sí yín gan-an. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́rọ méjì bá pàdé bẹ́ẹ̀, kí olúkúlùkù yà sí ọ̀tún. Pupa nìkan túmọ̀ sí pé ó ń lọ sí ọwọ́ òsì yín. Ewé nìkan, ó ń lọ sí ọwọ́ ọ̀tún yín. Bí ọkọ̀ ẹlẹ́rọ méjì bá fẹ́ dábùú ara wọn, èyí tí ó rí èkejì ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni kí ó yẹra.

Ó hàn gbangba nígbà náà pé iná tí kò sí ní ipò rẹ̀ burú púpọ̀. Bí a bá gbé pupa sí apá ọ̀tún, ẹni tí ó rí i yóò rò pé òsì ni ọkọ̀ náà ń lọ, nígbà tí ó ń lọ sí ọ̀tún. Ibi tí ó yà sí láti sá fún un ni wọn yóò ti pàdé. Bákan náà ni ẹrù tí a kó jọ tí ó bo iná mọ́lẹ̀.

Ọkọ̀ ńlá tí gígùn rẹ̀ tó 50 mítà ní iná funfun méjì lórí òpó, ti ẹ̀yìn sì ga ju ti iwájú lọ. Bí apẹja bá rí méjèèjì tí ọ̀kan dúró ṣánṣán lórí èkejì, kí ó tètè kúrò lọ́nà, nítorí òun ni ọkọ̀ náà dojú kọ.

Òfin kò gbàgbé ọkọ̀ kékeré. Ọkọ̀ ẹlẹ́rọ tí gígùn rẹ̀ kò tó mítà 7, tí eré rẹ̀ kò sì ju máìlì orí omi 7 lọ ní wákàtí kan, lè tan iná funfun kan tí a ń rí yíká, kí ó sì fi iná ẹ̀gbẹ́ kún un bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹni tí ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀, bí kò bá ní iná ẹ̀gbẹ́, gbọ́dọ̀ ní tọ́ọ̀ṣì tàbí àtùpà títàn ní àrọ́wọ́tó, kí ó sì gbé e sókè ní àkókò tí ó tó láti dènà ìkọlù. Ọkọ̀ ńlá kì í lè dúró lójijì. Iná tí a gbé sókè nígbà tí ó ti dé itòsí kò wúlò mọ́.

Láti ìgbà tí oòrùn bá wọ̀ títí di ìgbà tí yóò yọ ni a gbọ́dọ̀ tan iná. Bí kùrukùru ọyẹ́ tàbí òjò bá bo ojú omi, a gbọ́dọ̀ tàn án ní ọ̀sán pẹ̀lú. Kí ẹ̀yin apẹja àti atukọ̀ Èkó, Ẹ̀pẹ́ àti Bàdágírì yẹ iná yín wò kí ẹ tó ṣí kúrò ní èbúté.