Ọdún Kìíní Nínú Ẹ̀kọ́ Jiógíráfì ní Yunifásítì: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Àbúrò Wa

Lọ́dọọdún ni àwọn kan nínú àwọn tó jáde nílé ẹ̀kọ́ wa máa ń wọ yunifásítì, a sì máa ń rí lára wọn àwọn tí wọ́n gbà láti kọ́ jiógíráfì. Àwọn kan fúnra wọn ló yàn án. Àwọn mìíràn fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin, ṣùgbọ́n jiógíráfì ni wọ́n fún wọn. Èyí ó wù kó jẹ́, oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ ló máa ń le jù. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé ni pé kì í ṣe àìlọ́pọlọ ló ń fa ìṣòro náà. Ọ̀nà tí a ń gbà kẹ́kọ̀ọ́ ló yí padà, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún ọmọ tuntun.

Ojú èmi náà rí i. Nínú ìdánwò kékeré àkọ́kọ́ tí a ṣe lórí kíka máàpù, máàkì 4 ni mo gbà nínú 20. Mo ti há gbogbo ìwé tí wọ́n fún wa sórí, ṣùgbọ́n kò sí ìbéèrè kankan tó ní kí n ka nǹkan jáde. Máàpù ni wọ́n gbé síwájú wa, wọ́n ní kí a wọn ọ̀nà, kí a sọ ibi tí odò ń ṣàn sí, kí a sì sọ ìdí tí abúlé kan fi wà níbi tó wà. N kò tilẹ̀ mú rúlà dání. Mo ti ń wá bí n óò ṣe fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ kí olùkọ́ kan tó pè mí, tó bi mí pé, "Ìwọ ọmọ yìí, o ti jókòó ti máàpù rí?" Ìbéèrè yẹn ló là mí lójú.

Kí ni jiógíráfì ní yunifásítì?

Ní ilé ẹ̀kọ́ girama, a lè kọ́ orúkọ odò àti òkè, kí a sì gba máàkì. Ní yunifásítì, ìdí ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń wá. Ẹ jẹ́ kí a fi odò Ògùnpa tó la àárín ìlú Ìbàdàn kọjá ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò yìí kún àkúnya, ó gbé ilé àti dúkìá lọ, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá tún ba àwọn afárá àti ilé jẹ́ ní Ìbàdàn, ẹ̀mí sì tún lọ. Ọmọ girama yóò kọ ọ́ pé òjò ló fà á. Olùkọ́ yunifásítì yóò béèrè pé: báwo ni òjò náà ti pọ̀ tó, wákàtí mélòó ló sì fi rọ̀? Báwo ni ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe dà gẹ̀rẹ́ sódò? Ta ló kọ́lé sí bèbè odò? Níbo ni àwọn ará àdúgbò ń da ìdọ̀tí sí? Ẹni tó bá lè wá ìdáhùn wọ̀nyí, tó sì lè yà á sórí máàpù, ti ń ṣe jiógíráfì. Ẹ ríi pé ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ tí a fi ń tán àkókò.

Láti ọdún 1948 tí wọ́n dá kọ́lẹ́ẹ̀jì yunifásítì Ìbàdàn sílẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ ọ níbẹ̀. Níbẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mabogunje ti kẹ́kọ̀ọ́ kó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Òun ló di ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ jiógíráfì lágbàáyé, láti 1980 sí 1984, kó tó di olóògbé ní 2022.

Ohun tó yẹ kí ẹ tètè ṣe

Èkíní, ẹ mọ ìtumọ̀ yúnìtì. Yúnìtì 1 dúró fún wákàtí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 1 lọ́sẹ̀, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 15. Ṣùgbọ́n ní ti ẹ̀kọ́ àfọwọ́ṣe tí wọ́n ń pè ní pírátíkà, wákàtí 3 lọ́sẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kà sí yúnìtì 1. Nítorí náà, ẹ má ṣe rí yúnìtì kékeré kí ẹ fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn ọmọ tuntun ti ń ṣubú. Ẹ rántí pẹ̀lú pé èsì ọdún kìíní wà lára èyí tí wọn yóò ṣírò pọ̀ ní ìparí, àti pé ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, ẹni tí kò bá wá sí ìdá 75 nínú 100 ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kò ní jókòó ṣe ìdánwò.

Èkejì, ẹ ní irinṣẹ́ tiyín: rúlà, pẹ́ńsùlù tó mú, ohun ìpàwérẹ́, ẹ̀rọ ìṣirò kékeré, àti okùn òwú. Ẹ má rẹ́rìn-ín sí òwú. Ọ̀nà tó wọ́ kọ́rọkọ̀rọ lórí máàpù kò ṣe é fi rúlà wọ̀n. Ẹ óò tẹ́ òwú lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lẹ́yìn náà ẹ óò na òwú náà sórí rúlà. Bí máàpù bá jẹ́ 1:50,000, sẹ̀ǹtímítà 2 lórí rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 1 lórí ilẹ̀. Bí òwú yín bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 7, ọ̀nà náà gùn tó kìlómítà 3 àti ààbọ̀. Ẹ máa ṣe irú èyí ní ìṣẹ́jú 20 lójoojúmọ́. Ohun tó gbé mi kúrò ní 4 nìyẹn.

Ẹ̀kẹta, ẹ má sá fún ìṣirò àti kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ya ọ̀pọ̀ máàpù lónìí, ètò QGIS tí wọ́n ń lò fún un kò sì gba owó.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má dákẹ́. Ẹ wá olùdámọ̀ràn tí wọ́n yàn fún ọdún kìíní, kí ẹ sì kí i kí wàhálà tó dé. Bí ẹ bá lọ bá olùkọ́, ẹ má kàn wí pé ẹ̀kọ́ náà kò yé yín. Ẹ sọ pé, "Ẹ káàárọ̀ sà, ìlà tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn yìí ni kò yé mi." Ẹni tó bá nawọ́ sí ibi tó ń dùn ún là ń bá wò ó. Ẹ sì kó ara yín jọ ní mẹ́rin tàbí márùn-ún láti máa kàwé pọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ èdè Lárúbáwá kì í ṣe àjèjì nínú ìmọ̀ yìí. Láti inú ọ̀rọ̀ Lárúbáwá "as-sumūt" ni "azimuth" ti wá, èyí tí àwọn awọnlẹ̀ fi ń pe igun ìtọ́sọ́nà. Ní ọdún 1154, al-Idrisi parí iṣẹ́ lórí máàpù ayé tó ṣe fún Ọba Roger Kejì ní Sicily. Gúúsù ló fi sókè, àríwá sì wà nísàlẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ́kọ́ wo ìhà tí àríwá wà yóò ka gbogbo rẹ̀ sódì.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọdún kìíní rí. Máàkì 4 nínú 20 kò sọ pé ènìyàn jẹ́ olódo. Ó lè jẹ́ pé sódì ló di máàpù mú. Ẹ yí i padà, ẹ mú rúlà àti òwú yín, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n.