Iṣẹ́ Abẹ Kan, Iye Owó Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, ìjọba Amẹ́ríkà gbé iye owó tí àwọn ilé ìwòsàn ń kọ sínú bíìlì fún ọgọ́rùn-ún irú ìtọ́jú tó wọ́pọ̀ síta. Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń pààrọ̀ oríkèé tó ti jẹ, bíi ti orúnkún tàbí ìbàdí, jẹ́ 5,300 dọ́là ní ilé ìwòsàn kan nílùú Ada, ìpínlẹ̀ Oklahoma. Ní ilé ìwòsàn mìíràn nílùú Monterey Park, ìpínlẹ̀ California, 223,000 dọ́là ni. Ẹnì kan lè sọ pé ìlú ò dọ́gba, pé owó ilé àti owó oṣù òṣìṣẹ́ ga ní California ju ti Oklahoma lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ nílùú Jackson nìkan, ní Mississippi, iye tí wọ́n ń kọ fún ìtọ́jú ọkàn tí kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara mọ́ bẹ̀rẹ̀ láti 9,000 dọ́là, ó sì gùn dé 51,000. Inú ìlú kan náà lèyí, ibì kan náà ni gbogbo wọn sì ti ń gba òṣìṣẹ́. A ò lè di ẹ̀bi irú ìyàtọ̀ báyìí ru owó ilé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà ló ní ìwé iye owó tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní chargemaster, tí ohun gbogbo wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, látorí abẹ́rẹ́ dé orí ibùsùn ọjọ́ kan. Iye inú ìwé yìí dà bí iye tí ìyá ọlọ́jà kọ́kọ́ máa ń pè: ó mọ̀ pé wọ́n á ná an. Ṣùgbọ́n lọ́jà, ẹni tó fẹ́ ra nǹkan ló ń ná an fúnra rẹ̀, kó tó rà á. Nílé ìwòsàn, ẹlòmíràn ló ń ná an lẹ́yìn aláìsàn. Medicare, ètò ìjọba fún àwọn tó ti pé ọmọ ọdún 65, kì í ná an rárá; láti ọdún 1983 ni ìjọba ti ń fi irú àìsàn díwọ̀n iye tí yóò san lórí ẹni tí wọ́n dá dúró sílé ìwòsàn. Àwọn ilé iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ló ń dúnàádúrà. Èyí tó ní èrò púpọ̀ lẹ́yìn á gba ẹ̀dínwó ńlá. Ilé ìwòsàn tó jẹ́ pé òun nìkan ló wà ládùúgbò kò sì ní gbà kí wọ́n já owó òun wálẹ̀. Bí àdéhùn bá lọ jẹ́ pé ìnṣọ́ránsì yóò san ìdá kan pàtó nínú iye inú ìwé, ọgbọ́n tó kù fún ilé ìwòsàn ni kí ó máa gbé iye inú ìwé sókè. Báyìí ni iye owó ṣe ń tẹ̀ lé agbára ẹni tó ń ná an, tí kì í tẹ̀ lé ohun tí iṣẹ́ náà náni.

Àwọn alákòóso ilé ìwòsàn máa ń dáhùn pé iye inú ìwé kò já mọ́ nǹkan, nítorí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń san án. Bí kò bá já mọ́ nǹkan, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń kọ ọ́? Ẹni tí kò ní ìnṣọ́ránsì kò ní ẹni tí yóò bá a ná an. Bíìlì odindi ló sábà máa ń kọ́kọ́ dé ọwọ́ rẹ̀. Òfin ìlera ọdún 2010 ní kí ilé ìwòsàn tí kì í ṣe ti èrè má ṣe gba iye odindi lọ́wọ́ aláìní tó yẹ fún ìrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó tó ń wọlé fún un bá fi díẹ̀ ju ti aláìní lọ kò sí lábẹ́ ààbò yẹn.

Àwọn mìíràn ní kí a kàn tẹ iye owó síta, kí aláìsàn lè yan èyí tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí ìjọba fi pàṣẹ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2021, kí ilé ìwòsàn gbé iye tó bá ìnṣọ́ránsì kọ̀ọ̀kan fẹnu kò lé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àǹfààní wà níbẹ̀. Òun ló jẹ́ ká rí i pé ní àwọn ilé ìwòsàn kan, ẹni tó san kásì ń san iye tó kéré sí ti ẹni tó ní ìnṣọ́ránsì. Ìyẹn ni pé àwọn tí a gbé iṣẹ́ dúnàádúrà fún gan-an kì í fìgbà gbogbo ná an dáadáa. Àmọ́ ta ni yóò máa fi iye owó wéra nígbà tí àyà ń dùn ún? Lọ́dún 1963 ni onímọ̀ ọrọ̀ ajé Kenneth Arrow ti ṣàlàyé pé ìtọ́jú ara kò dà bí ọjà tó kù: aláìsàn kò mọ ìgbà tí yóò nílò rẹ̀, dókítà tó ń tà á náà ló sì ń sọ ohun tó yẹ kó rà fún un. Títẹ iye owó síta ń jẹ́ ká mọ ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ. Kò ní kí wọ́n má rẹ́ ẹ jẹ.

Ohun tó lè yanjú rẹ̀ ni kí ilé ìwòsàn máa gba iye kan náà fún iṣẹ́ kan náà, ẹni yòówù kó san án. Ìpínlẹ̀ Maryland ti ń ṣe é láti àwọn ọdún 1970. Ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀ náà ló ń pinnu iye tí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan lè gbà; yàtọ̀ sí ẹ̀dínwó díẹ̀, iye kan náà ni fún ìnṣọ́ránsì ńlá àti fún ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ san án. Àwọn alátakò ní ilé ìwòsàn ìgbèríko àti ti ìlú ńlá kò lè gba iye kan náà. Kò sí ẹni tó ní kí wọ́n gbà á: ilé ìwòsàn tí ìnáwó rẹ̀ pọ̀ lè wọ́n ju òmíràn lọ, ohun tí kò tọ́ ni kí ilé ìwòsàn kan ṣoṣo máa gba iye mẹ́wàá lórí iṣẹ́ kan. Àtakò kejì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju èyí lọ: Medicare ń san fún ilé ìwòsàn Maryland ju bó ṣe ń san níbòmíràn lọ, a jẹ́ pé gbogbo Amẹ́ríkà ló ń bá wọn gbé díẹ̀ nínú ẹrù náà. Èyí fi hàn pé ó ṣòro kí ìpínlẹ̀ kan dá a ṣe. Kò fi hàn pé ìlànà náà kò dára. Orílẹ̀-èdè Japan ń lo ìwé iye owó kan ṣoṣo fún gbogbo ilẹ̀ wọn, wọ́n sì ń tún un yẹ̀ wò lọ́dún méjì méjì. Ẹni tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ kò sí ní ipò àtinájà. Ẹni tí kò bá lè ná ọjà fúnra rẹ̀, àfi kí òfin bá a ná an.