Tútù àti Dídì: Ohun tí Iná Inú Ẹ̀rọ Ń Kọ́ni Nípa Èdè-Ìperí

Ìbéèrè kan wà tí ó rọrùn lójú, ṣùgbọ́n tí ó ń dán olùtúmọ̀ wò: kí ni ìdí tí iná fi máa ń tàn nígbà tí a bá ṣí fìríìjì, tí ọ̀pọ̀ fìrísà kò sì ní iná nínú? Ọ̀rọ̀-àyálò méjì ni a fi gbé e kalẹ̀. Orúkọ Yorùbá tí ó gbajúmọ̀ fún fìríìjì ni ẹ̀rọ amómitutù, kò sì sí ohunkóhun nínú orúkọ náà tí ó yọ fìrísà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá gbára lé e yóò máa béèrè ìdí tí ẹ̀rọ amómitutù fi ní iná tí ẹ̀rọ amómitutù kò sì ní. Ìbéèrè ti dàrú kí ìdáhùn tó dé.

Ìyàtọ̀ ẹ̀rọ méjèèjì

Nǹkan bí ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni inú fìríìjì ilé máa ń wà. Oúnjẹ inú rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n omi kò dì. Kòkòrò àìfojúrí ń bí sí i, àmọ́ wọn kò yára. Ìwọ̀n 18 nísàlẹ̀ òdo ni ti fìrísà. Níbẹ̀, omi inú oúnjẹ a dì, kòkòrò wọ̀nyí a sì dẹ́kun bíbí sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í kú.

Ọ̀rọ̀ iná

Súìṣì kékeré kan ni ó ń ṣàkóso iná fìríìjì. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, iná a tàn. Bí ó bá padé, iná a kú. Èrò kan ni pé nítorí kí gílóòbù má baà mú fìrísà gbóná ni a kò ṣe fi í síbẹ̀. Ìṣirò kò ti èrò yìí lẹ́yìn. Gílóòbù oníwáàtì 15 tí ó tàn fún ìṣẹ́jú-àáyá 20 yóò lo agbára 300 joule. Bí gbogbo rẹ̀ tilẹ̀ di ooru, kò lè gbé ìgbóná omi mílílítà 250 sókè tó ìdámẹ́ta ìwọ̀n kan. Afẹ́fẹ́ yàrá tí ó ń wọlé nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí tún ń gbé ooru tirẹ̀ wọlé.

Robert H. Frank, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà, gbé ìbéèrè yìí yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀, The Economic Naturalist, tí ó jáde ní 2007. Àlàyé rẹ̀ dá lórí iye owó àti èrè. Wáyà, súìṣì àti gílóòbù ń ná ẹni tí ń ṣe ẹ̀rọ ní iye tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú méjèèjì, ṣùgbọ́n fìríìjì ni a ń ṣí léraléra lójoojúmọ́. Èrè iná sì kéré nínú fìrísà. A lè fi ohun mìíràn kún un. Fìrísà alápòótí ń ṣí sókè, ìmọ́lẹ̀ yàrá sì ń wọ inú rẹ̀; ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ a máa di yìnyín wínníwínní tí ó lè bo gílóòbù; ẹrù tí a tò pọ̀ pẹ́kípẹ́kí a sì máa dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Iná wà nínú àwọn fìrísà olówó gọbọi. Gílóòbù LED, tí kì í jẹ iná púpọ̀ tí òtútù kì í sì í dà láàmú, ti mú kí ó túbọ̀ wọ́pọ̀.

Èdè-ìperí tí ó yẹ

Yíyìnyín, ìlò àti ètò ẹrù: gbogbo wọn rọ̀ mọ́ pé fìrísà ń mú nǹkan dì. Ọ̀rọ̀ náà tútù kò lè gbé èyí. Omi tútù kò gbóná. Aṣọ tútù kò gbẹ. Ẹja tútù ni èyí tí a kò yan. Dì ni ó ṣe pàtó: epo pupa a máa dì, ẹ̀jẹ̀ a máa dì, ẹ̀kọ inú ewé náà a máa dì.

Ẹnìkan lè sọ pé dì tún ni ti ẹni tí ń di ẹrù. Ṣùgbọ́n dì ti ẹrù ń gba àbọ̀ lẹ́yìn, ohùn rẹ̀ a sì yí sí àárín níwájú àbọ̀ náà. Dì ti omi kì í gba àbọ̀. Nítorí náà, bí a bá fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ṣáájú àpólà-ìṣe, a ó rí ẹ̀rọ amóúnjẹ-tutù fún fìríìjì, àti ẹ̀rọ amóúnjẹ-dì fún fìrísà, láìsí ìdàrúdàpọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti ilé ìdáná. Àjẹsára tẹ́tánọ́ọ̀sì àti ti hepatitis B wà lára àwọn tí a gbọ́dọ̀ tọ́jú láàrin ìwọ̀n 2 sí 8. Bí wọ́n bá dì, wọ́n bàjẹ́, yíyọ́ kò sì lè tún wọn ṣe. Ìwé ìlànà tí ó bá sọ pé kí a fi wọ́n sínú ẹ̀rọ amómitutù kò tíì sọ ibi tí ó yẹ kí wọ́n wà. Fìríìjì àti fìrísà lè máa jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lọ. Nínú ìwé ẹ̀kọ́ àti ìwé ìlera, tútù àti dídì kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ kan náà.